Ìtàn Afárá Ẹlẹ́wọ̀n ti Odò Conwy

Afárá tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kì í ṣe afárá ńlá bí a bá fi ojú ayé òde òní wò ó. Láti òpó rẹ̀ kan dé èkejì, ẹsẹ̀ bàtà 327 péré ni. Ẹni tí ó bá ń rìn jẹ́jẹ́ lórí rẹ̀ yóò ti dé òdì kejì kí ó tó ka Orin Dáfídì kẹtàlélógún tán lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀ a yàn án láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ afárá tí ó tóbi jù ú lọ, nítorí ọ̀ràn kan tí ó dé bá a ní ọjọ́ ogbó rẹ̀. Nígbà tí ó ti ṣe iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ tán, tí afárá titun sì ti dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìbéèrè dìde láàárín àwọn ènìyàn bóyá kí a wó o lulẹ̀ tàbí kí a dá a sí. Kí a tó lè mọ ìdí tí ohùn wọn kò fi ṣọ̀kan lórí ọ̀ràn náà, a níláti padà lọ sí ìgbà tí kò sí afárá níbẹ̀ rárá.

Odò Conwy wà ní àríwá ilẹ̀ Wélsì, ilẹ̀ tí ó fi ara ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Erékùṣù kan náà ni àwọn méjèèjì jọ wà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò lè tìtorí bẹ́ẹ̀ gbọ́ èdè àwọn ará Wélsì. Orí ilẹ̀ gíga olómi kan tí wọ́n ń pè ní Migneint ni odò náà ti ṣẹ̀, ó sì ń ṣàn lọ sí àríwá láàárín àwọn òkè títí ó fi wọ òkun. Ní òkè odò yìí kan náà, nínú ilé oko kan lẹ́bàá Penmachno, ni a ti bí William Morgan, ẹni tí ó parí ìtumọ̀ odindi Bíbélì sí èdè Wélsì, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1588. Àwa tí a ń ka Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ túmọ̀, èyí tí ó parí ní ọdún 1884, mọ ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún èdè kan. Nítorí náà kò tọ́ kí a dárúkọ odò náà kí a má sì dárúkọ ọkùnrin náà.

Ní ẹnu odò, ní bèbè ìwọ̀-oòrùn, ni ìlú Conwy dúró sí. Ilé àwọn mọ́ńkì ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Edward Kìíní, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ́gun ilẹ̀ Wélsì, ó mú kí àwọn mọ́ńkì náà ṣí lọ sí Maenan, ó sì kọ́ ilé olódi kan àti odi ìlú sí ibẹ̀ láàárín ọdún 1283 àti ọdún 1287. Nǹkan bí £15,000 ni iṣẹ́ náà ná an, owó tí ó bani lẹ́rù ní ayé ìgbà náà. Orí àpáta tí ó yọ sínú omi ni ilé olódi náà jókòó lé, ó ní ilé ìṣọ́ gíga 8, ète rẹ̀ sì ni kí àwọn ọmọ ilẹ̀ má baà gbé orí sókè mọ́. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ni a kó wá láti gbé inú odi ìlú náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ilé olódi yìí sọ́kàn, nítorí ara rẹ̀ ni a ó wá so ẹ̀wọ̀n afárá mọ́.

Fún ọ̀rúndún márùn-ún ó lé lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ ni a fi ń gbé èrò sọdá. Omi òkun a máa wọ inú odò náà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, a sì máa fà padà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ó bá ń fà, tí odò ń tì í láti ẹ̀yìn, tí afẹ́fẹ́ òkun sì kọjú sí i, ìgbì tí ń dìde níbẹ̀ kì í ṣe ohun àfiṣeré. Èrò a máa dúró ní bèbè títí omi yóò fi gbà fún ọkọ̀. Àwọn arìnrìn-àjò ayé ìgbà náà kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé ìwà àwọn atukọ̀ ibẹ̀ kò dára, pé wọn a sì máa bu owó tí ó wù wọ́n lé èrò lórí, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò sí ibòmíràn tí èrò náà yóò gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró rí létí ọ̀sà pẹ̀lú ẹrù lórí, tí ọlọ́kọ̀ ń wo ojú yín kí ó tó dá iye tí yóò gbà, ọ̀rọ̀ náà kò ní ṣe àjèjì sí yín. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi ara rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ níláti gba òkè odò lọ sí Llanrwst, níbi tí afárá olókùúta kan ti wà láti ọdún 1636. Nǹkan bí ibùsọ̀ 12 ni, kí ó tó tún rin bí iye náà padà sí etí òkun ní bèbè kejì.

Bí ó bá ṣe pé àwọn ará Conwy àti àwọn darandaran nìkan ni ọ̀ràn yìí kàn, bóyá inú ọkọ̀ náà ni wọn ìbá ṣì máa wọ̀ fún ọdún púpọ̀ sí i. Ohun tí ó yí ọ̀ràn padà ni òfin tí ó so ilẹ̀ Írẹ́lándì pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1801. Láti ìgbà náà lọ, àwọn aṣòfin Írẹ́lándì kò jókòó ní Dublin mọ́, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n níláti máa lọ. Láti Holyhead, ní ìpẹ̀kun erékùṣù Anglesey, ni ọkọ̀ òkun ti ń ṣí lọ sí Dublin. Ọ̀nà tí ó ti Chester wá gba etí òkun títí ó fi dé Conwy, ó sì kan omi níbẹ̀. Lẹ́yìn Conwy, ó gba ẹ̀gbẹ́ àpáta Penmaenmawr tí ó dà gọ̀ọ́rọ́gọ̀ sínú òkun, ó sì tún kan omi mìíràn ní Menai, èyí tí ó ya Anglesey sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀ ńlá. Ọ̀nà yìí ni lẹ́tà ìjọba àti ti àwọn oníṣòwò ń gbà, lójò lẹ́ẹ̀rùn, àti ní ìgbà òtútù tí yìnyín bo ilẹ̀.

Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1806, ọkọ̀ Conwy ṣí kúrò ní bèbè pẹ̀lú àwọn tí ó bá kẹ̀kẹ́ lẹ́tà Írẹ́lándì wá. Àwọn èrò wà nínú rẹ̀, awakẹ̀kẹ́ àti ẹ̀ṣọ́ tí ń ṣọ́ lẹ́tà wà níbẹ̀, ọmọdékùnrin kan tí ó tó ẹni ọdún 15 sì wà pẹ̀lú wọn. Bí a bá ka àwọn atukọ̀ mọ́ wọn, ènìyàn 15 ni gbogbo wọn. Ìgbì bo ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀, ènìyàn 2 péré ni ó sì yè. Ní wákàtí tí àwọn ará ìlú ń kí ara wọn kú ọdún, òkú ni odò wà fún àwọn tí ó fẹ́ tètè dé ilé.

A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ pé ikú wọn nìkan kò tó láti kọ́ afárá. Ó ju ọdún 15 lọ tí ó kọjá kí a tó fi òkúta àkọ́kọ́ lélẹ̀. Àwọn aṣòfin Írẹ́lándì ni kò jẹ́ kí ọ̀ràn ọ̀nà náà sùn nínú Ilé Ìgbìmọ̀, pàápàá jùlọ Sir Henry Parnell, ẹni tí kò sinmi àtimáa sọ ọ́. Ní ọdún 1815, Ilé Ìgbìmọ̀ yan àwọn alákòóso fún ọ̀nà Holyhead, wọ́n sì fún wọn ní owó láti tún un ṣe. Ní èrò tiwa, bí kì í bá ṣe pé àwọn aṣòfin pàápàá ń fi ara wọn wewu lórí omi wọ̀nyí, a kò mọ ìgbà tí àpò ìjọba ìbá ṣí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀nà rere tí àwọn tálákà ń rìn lónìí, ẹsẹ̀ àwọn ọlọ́lá ni a kọ́kọ́ tìtorí rẹ̀ là á.

Thomas Telford ni a gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ọmọ olùṣọ́-àgùntàn ni, a bí i ní ọdún 1757 ní àfonífojì Eskdale ní ilẹ̀ Skọ́tlándì. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí a bí i ni baba rẹ̀ kú, ìyá rẹ̀ sì tọ́ ọ nínú àìní pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ẹbí àti aládùúgbò. A fi í kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ agbẹ́-òkúta, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìmọ̀ rẹ̀ sì ni èyí tí ó fi ìwé kíkà kọ́ ara rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Kò gbé ìyàwó. Ojú ọ̀nà àti ibi iṣẹ́ ni ó fi ṣe ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti orí afárá kan dé orí òmíràn. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Conwy ní ọdún 1822, ó ti di ẹni ọdún 64, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti fi í jẹ ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ní ọdún 1820.

Omi méjèèjì, Menai àti Conwy, ni ó kọ́ afárá lé ní àkókò kan náà, ọgbọ́n kan náà ni ó sì lò fún wọn. Ti Menai ni ẹ̀gbọ́n. Ọdún 1819 ni a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì fo ẹsẹ̀ bàtà 579 láti òpó dé òpó, èyí tí kò sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ayé ìgbà náà. Ti Conwy ni àbúrò. Ní ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí omi kò ti jìn, Telford fi erùpẹ̀ àti òkúta di ebè ńlá kan tí ó gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2,000, títí ó fi dé erékùṣù olókùúta kékeré kan. Láàárín erékùṣù yìí àti àpáta ilé olódi ni ojú omi gan-an wà, níbi tí ó ti jìn tí ó sì yára. Kò sí ẹni tí yóò fẹ́ ri òpó sí irú ibẹ̀, nítorí náà ó pinnu láti má fi ohunkóhun kan omi rárá.

Ẹ wo okùn tí àwọn obìnrin ń sá aṣọ sí. A so ó mọ́ igi méjì, ó sì rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ ní àárín. Aṣọ ni ó ń fà á wálẹ̀, ṣùgbọ́n igi ni ó ń jìyà rẹ̀. Bí igi kan bá tẹ̀, gbogbo aṣọ bọ́ sí iyẹ̀pẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni afárá ẹlẹ́wọ̀n rí. Ẹ̀wọ̀n ni okùn, òpó olókùúta ni ó gbé e sókè, pákó tí ènìyàn àti ẹṣin ń rìn lé ni aṣọ, a sì fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ so pákó náà rọ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n. Níwọ̀n bí ẹ̀wọ̀n ti ń fa òpó sínú omi láti ìhà kan, a níláti mú un kọjá lórí òpó, kí a sì rì í mọ́lẹ̀ ṣinṣin ní ẹ̀yìn, kí ó má baà yọ. Gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé afárá náà wà nínú ibi tí a kò lè fi ojú rí, nínú àpáta. Ní ìlà-oòrùn, a rì í mọ́ òkúta erékùṣù náà. Ní ìwọ̀-oòrùn, a rì í mọ́ àpáta tí ilé olódi Edward jókòó lé, apá kan nínú ilé olódi náà ní ìhà omi ni a sì níláti wó kí àyè lè wà.

William Hazledine, ọ̀gá alágbẹ̀dẹ ní agbègbè Shrewsbury, ni ó rọ irin náà. Kì í ṣe irin tí a yọ́ dà sínú ohun ìdàrin, nítorí irú èyí le ṣùgbọ́n a máa ṣẹ́ bí àwo. Irin tí a fi iná àti òòlù lù títí ó fi ní iṣan ni, èyí tí ó lè fa ara rẹ̀ díẹ̀ kí ó tó já. Pẹlẹbẹ gígùn ni ìdè ẹ̀wọ̀n náà, a sì fi ìṣó ńlá kàn wọ́n mọ́ ara wọn, ìdè kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì.

Ohun tí ojú Telford rí ní àkókò yìí ni a lè mọ̀ láti inú ìròyìn ọjọ́ tí a fa ẹ̀wọ̀n àkọ́kọ́ ti Menai sókè, ní 26 Epírì 1825. Ẹ̀wọ̀n náà wúwo ju tọ́ọ̀nù 23 lọ. A gbé e sórí ìgbájá igi lójú omi, nǹkan bí 150 ọkùnrin sì ń yí ẹ̀rọ tí ń fà á, fèrè ń dún kí ẹsẹ̀ wọn lè bára mu. Àwọn tí ó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ròyìn pé ó ti pẹ́ tí oorun kò ti kùn ún, àti pé nígbà tí ẹ̀wọ̀n ti dúró tán tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sáré wá láti bá a yọ̀, orí eékún ni wọ́n bá a, ó ń gbàdúrà.

A ṣí afárá Menai ní 30 Jánúárì 1826, a sì ṣí ti Conwy ní 1 Júláì ọdún kan náà. Àbúrò ni ó lẹ́wà jù, ó kéré tán ní ojú tiwa. Nítorí pé iwájú ilé olódi ni yóò dúró sí, Telford kò kọ́ òpó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òpó afárá lásán. Ó mọ ilé ìṣọ́ roboto méjì méjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ó sì gé orí wọn ní eyín-eyín bí orí odi, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ti òkèèrè ń bọ̀ lè rò pé ọba kan náà ni ó kọ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ti bú u nítorí èyí, wọ́n ní ẹ̀tàn ni, pé kò yẹ kí afárá wọ aṣọ ogun. Àwa kò gbà pẹ̀lú wọn. Ọkùnrin tí ó níláti fọ́ lára ilé onílé kí iṣẹ́ rẹ̀ tó lè dúró, kò burú bí ó bá bọ̀wọ̀ fún ilé náà. Ohun tí ó jọ wá lójú ni pé ilé tí a kọ́ láti dí àwọn ará Wélsì lọ́nà ni ó wá di ìdákọ̀ró fún ọ̀nà wọn.

Ní ìpẹ̀kun afárá, a kọ́ ilé kékeré kan fún oníbodè. Ẹlẹ́sẹ̀ sanwó, ẹlẹ́ṣin sanwó, a sì ń ka màlúù àti àgùntàn lórí kí wọ́n tó kọjá. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tọkọtaya kan tí ń gbé inú ilé náà ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́sàn-án lóru, lójoojúmọ́ nínú ọdún. Bí ẹnìkan bá dé ní òru dúdú pẹ̀lú òjò, ọ̀kan nínú wọn níláti dìde láti orí ibùsùn. Ìtàn afárá a máa ka orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ, ṣùgbọ́n irú ènìyàn báwọ̀nyí ni ó mú kí ọ̀nà máa ṣí.

Ògo tí afárá náà ní lórí lẹ́tà Írẹ́lándì kò pẹ́. Nígbà tí a là ojú irin láti Chester sí Holyhead, Robert Stephenson kọ́ afárá mìíràn sí ìhà gúúsù rẹ̀, tí ó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Èyí kò ní ẹ̀wọ̀n rárá. Ọ̀pá ńlá oníhò ni, tí a fi abala irin kàn pọ̀ bí àpótí gígùn, tí ọkọ̀ ojú irin sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ó fo nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 400. Bèbè ni a ti kàn án tán, a gbé e léfòó lórí omi ní ìgbà tí òkun kún, a sì fi ẹ̀rọ alágbára tí omi ń tì gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ipò rẹ̀. Ní ọdún 1848 ni ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú rẹ̀. Lẹ́tà bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin, àwọn aṣòfin náà bọ́ síbẹ̀, ọ̀nà etí òkun sì padà sọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín láti ìbẹ̀rẹ̀: àgbẹ̀, darandaran, alájàpá, àti ọmọ tí ń lọ kí ìyá rẹ̀.

Níbí ni ọ̀nà náà ti kan ìtàn tiwa díẹ̀. Nǹkan bí ibùsọ̀ 5 sí ìlà-oòrùn Conwy ni ìlú Colwyn Bay wà, létí òkun kan náà. Ibẹ̀ ni Àlùfáà William Hughes, ará Wélsì tí ó ti ṣiṣẹ́ ìránṣẹ́ ní Kóńgò, dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́. Ọmọkùnrin méjì tí ó tẹ̀ lé e láti Kóńgò ní ọdún 1885 ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Dókítà Mojọlá Agbẹ̀bí ti ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Èkó, ẹni tí ó bọ́ orúkọ David Vincent sílẹ̀ ní ọdún 1894, jẹ́ ọ̀rẹ́ àti alátìlẹ́yìn fún iṣẹ́ náà. Ilé ẹ̀kọ́ náà kógbá wọlé ní ọdún 1912. Gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ kúrò ní Colwyn Bay gba etí òkun lọ sí Conwy ní ọjọ́ wọnnì, bóyá inú ọ̀pá Stephenson ni yóò gbà tàbí kí ó san owó ibodè kí ó sì rìn lábẹ́ ẹ̀wọ̀n Telford.

Afárá náà kò kúrò ní bí a ti kọ́ ọ. Ìjì líle ba pákó orí afárá Menai jẹ́ gidigidi ní ọdún 1839, ṣùgbọ́n ti Conwy wà ní ibi tí òkè àti ilé olódi ti ṣíji bò ó. Síbẹ̀ pákó a máa jẹrà, ẹrù sì ń wúwo sí i. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, a ti kó pákó kúrò a sì ti fi irin rọ́pò rẹ̀. A fi okùn irin kún un lókè ẹ̀wọ̀n àtijọ́ láti bá a gbé ẹrù, a sì ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1904. Ọ̀pá Stephenson pàápàá níláti gba òpó ní abẹ́ ní ọdún 1899, nítorí ọkọ̀ ojú irin ti di òmìrán.

Ohun tí ó borí rẹ̀ nígbẹ̀yìn ni mọ́tò. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà nínú òpó kọ̀ọ̀kan, fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni Telford sì ṣe wọ́n. Nígbà tí àwọn ènìyàn láti àwọn ìlú ńlá Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá sinmi létí òkun pẹ̀lú mọ́tò wọn, ìlà ọkọ̀ a gùn lọ títí láti ẹnu afárá. Ní ọdún 1958 a ṣí afárá titun kan, aláfẹ́fẹ̀ fún mọ́tò, sí ìhà àríwá rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé àtijọ́ wá wà láàárín, ojú irin ní ọ̀tún, mọ́tò ní òsì.

Nígbà náà ni ìbéèrè tí a sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ dìde. Àwọn kan nínú ìlú ní kí a wó o. Kò yẹ kí a pè wọ́n ní òmùgọ̀. Irin tí ó dúró sójú afẹ́fẹ́ òkun a máa dógùn-ún, ọ̀dà ni a ó máa fi kùn ún lọ́dọọdún, owó náà sì níláti ti ọwọ́ ẹnìkan jáde. Afárá mẹ́ta níwájú ilé olódi kan lè dà bí ẹrù púpọ̀ lórí tábìlì kan. Ẹni tí ó bá sì ń ronú nípa oúnjẹ ọmọ rẹ̀ lè béèrè, láìṣẹ̀, pé kí ni ìlò ohun tí kò gbé ẹnikẹ́ni mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, ní Wélsì àti ní òde rẹ̀, kọ̀. Wọ́n rántí pé nínú àwọn afárá ẹlẹ́wọ̀n àkọ́kọ́ ní ayé, èyí jẹ́ ọ̀kan, àti pé ní Menai, a ti fi ẹ̀wọ̀n titun rọ́pò ti Telford láàárín ọdún 1938 àti ọdún 1941, tí ó fi jẹ́ pé Conwy nìkan ni irin àkọ́kọ́ Hazledine ṣì ń rọ̀ níbi tí a so ó sí. Àwọn ará Wélsì náà ní ìtàn àtijọ́ nípa Bendigeidfran, ọba òmìrán, tí ó dùbúlẹ̀ lórí odò kan ní Írẹ́lándì kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ kì í fi ojú àlòkù irin wo afárá. Tiwa ni pé àwọn tí ó kọ̀ ni ó jàre, kì í ṣe nítorí ẹwà nìkan. Kò sí òkúta ìrántí tí ó tóbi tó èyí fún àwọn 13 tí omi gbé lọ ní ọjọ́ Kérésìmesì náà. Bí a bá wó o, bí ẹnìkan bá dúró létí odò náà, kò ní sí ohun tí yóò mú kí ó béèrè bí àwọn ará àtijọ́ ti ń kọjá.

Ní ọdún 1965, ẹgbẹ́ National Trust, tí ń tọ́jú ilé àti ilẹ̀ àtijọ́ fún gbogbo ènìyàn, gba afárá náà àti ilé oníbodè sábẹ́ àbójútó rẹ̀. Mọ́tò kò gba orí rẹ̀ mọ́. Afárá ọdún 1958 náà kò sì pẹ́ tí ó fi kún: ní ọdún 1991 a ṣí ọ̀nà kan tí ó gba abẹ́ odò lọ. Apá 6 ni a dà á ní kọnkéré nínú kòtò ńlá kan lẹ́bàá ìlú, a sì gbé wọn léfòó jáde, a rì wọ́n sínú ihò tí a gbẹ́ sí ìsàlẹ̀ odò, a sì so wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Kòtò náà ti di ibùdó fún ọkọ̀ afẹ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà lóòótọ́: lónìí ènìyàn lè gba abẹ́ odò Conwy, kí ó gba orí rẹ̀ nínú mọ́tò, kí ó gba inú ọ̀pá irin nínú ọkọ̀ ojú irin, tàbí kí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn lábẹ́ ẹ̀wọ̀n. Àwọn tí ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn kò tíì tán. Ilé oníbodè ṣì wà ní ìpẹ̀kun, a tò ó bí ó ti rí nígbà tí tọkọtaya nì ń gbé inú rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 1826 sì ń gba orí òpó kọjá lọ wọ inú àpáta Edward.